Ọkọ̀ tí ó Dẹnukọlẹ̀ ní Ọ̀nà Languibonou: Ìtàn Ìmọ̀ Kan àti Èdè tí ó Gbé e

Languibonou jẹ́ ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ àwọn Baoulé, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Abẹ́ ẹ̀ka ìjọba Botro ni ó wà, ní ẹkùn Gbêkê tí Bouaké jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Iṣu wà lára ohun ọ̀gbìn tí a mọ àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà mọ́ jù lọ, Bouaké sì ni ọjà ńlá tí gbogbo ìlú kéékèèké wọ̀nyí ń ná. Láàárín oko àti ọjà, ọ̀nà ni ó wà; lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ni a ń retí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, lára àwọn ọkọ̀ tí ojú mọ̀ jù ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Peugeot 404 àti àbúrò rẹ̀, Peugeot 504.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dẹnukọlẹ̀ láàárín igbó àti ọ̀dàn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Iṣu tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yóò pẹ́ dé ọjà. Aláìsàn tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn yóò wà nínú oòrùn. Owó ọjọ́ náà yóò sì wọ́ lọ. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò sọ ibi tí àléébù wà. Ohun tí ó wà ni ojú, etí, imú, sípánà mélòó kan, àti ìmọ̀ tí ọ̀gá fi ẹnu kọ́ ọmọ-iṣẹ́. Ìtàn ìmọ̀ náà ni àròkọ yìí fẹ́ tọpinpin, nítorí pé bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lásán. Ọ̀nà ìrònú tí ó létò ni, inú èdè ni wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, èdè yẹn náà ń bá a lọ.

Bí ọkọ̀ náà ṣe dé ojú ọ̀nà

Kí mọ́tò tó gbòde, reluwé ni ó sọ Bouaké di ìkóríta. Ojú irin láti Abidjan dé ibẹ̀ ní 1912. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà ń ta ọkọ̀ tí iná mànàmáná ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí awakọ̀ kò fi ní láti dúró níwájú ọkọ̀ kí ó máa fi ọwọ́ yí irin mọ́. Charles Kettering ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Òun àti Edward Deeds ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Delco sílẹ̀ ní ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1909. Ètò ìtanná tí Kettering gbé kalẹ̀, èyí tí ó ní bátìrì, kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì tí ń ṣí tí ó sì ń pa dé, àti púlọ́ọ̀gì, ni ó gbilẹ̀ nínú ọkọ̀ bẹntiróòlù káàkiri ayé fún ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà ni ó wà nínú Peugeot 404.

Ọdún 1960 ni Peugeot gbé 404 jáde, ọdún kan náà tí Dahomey, Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà gba òmìnira. Peugeot 504 tẹ̀lé e ní 1968. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì ga sókè nílẹ̀, wọ́n lè gba gbágungbàgun ọ̀nà láìfọ́, ẹ́ńjìnnì wọn kò sì lọ́jú pọ̀ débi pé ẹni tí kò ka ìwé kò ní lè tú u kí ó sì tò ó padà. Peugeot 404 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí wọ́n fi aṣọ tàpólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní bâchée, di ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù pa pọ̀.

Síbẹ̀, kò sí ọkọ̀ tí ọ̀nà kò lè mú. Ìdíje Rallye Bandama, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára odò Bandama tí ó ṣàn gba àárín Côte d'Ivoire kọjá, bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ní 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó parí ìdíje náà láàárín àkókò tí wọ́n dá fún wọn. Ọkọ̀ tuntun ni wọ́n o, àwọn mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ ni ó sì ń tẹ̀lé wọn kiri. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi ojú kékeré wo awakọ̀ tí ó ń gbé 404 ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ọjà lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, tí ó sì ń dé.

Láàárín àkókò yìí náà ni ojú ọ̀nà etíkun di ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀, ó bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀nà. Ghana ṣe bákan náà ní 1974. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ kan náà lè rìn láti Èkó dé Abidjan láìyí apá padà. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Ohun tí ẹni kan bá mọ̀ nípa 504 ní Ìbàdàn, ó wúlò fún un ní Bouaké.

Ọgbọ́n ìwádìí

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń béèrè ohun mẹ́ta: àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, kí písítìnnì fún àdàlù náà pọ̀ dáadáa nínú sílíńdà, kí iná sì ta sí i ní àsìkò tí ó tọ́. Bí ọkọ̀ kò bá sítáàtì, tí sítátà sì ń yí ẹ́ńjìnnì bí ó ti yẹ, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń dùn ún. Òpè yóò bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ èyí, pààrọ̀ tọ̀hún, títí owó yóò fi tán. Ọ̀gá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ǹjẹ́ ẹ́ńjìnnì ń yí? Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ tí kò dún ju "kẹ́" kan lọ, tí iná iwájú ọkọ̀ sì ń ṣe bí ẹni fẹ́ kú, bátìrì ni a ó kọ́kọ́ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé bátìrì kú. Ohun funfun tí ó hu sí orí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí iná kọjá, tàbí kí okùn tí ó so ó mọ́ ara ọkọ̀ ti tú. Omi gbígbóná àti ọ̀bẹ tí a fi ha á yóò yanjú èyí láìná kọ́bọ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ṣùgbọ́n tí kò gbaná, ìbéèrè kejì ni ti iná. Ọ̀gá yóò tú púlọ́ọ̀gì kan, yóò fi okùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, yóò fi ara rẹ̀ ti irin ẹ́ńjìnnì, yóò sì ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná búlúù bá ta pẹ̀lú ariwo, ti iná ti parí, kí a kọjá síbòmíràn. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tàbí tí kò ta rárá, a ó tọpa rẹ̀ padà sẹ́yìn: ìdérí dísítíríbútọ̀, tí ọ̀rinrin òjò lè ti wọ̀ tàbí tí ó lè ti sán, kọ́ńtáàtì, tí ó lè ti jóná tàbí kí àlàfo rẹ̀ ti pa dé, kọ̀ńdẹ́ńsà, lẹ́yìn náà kọ́ìlì. Àlàfo kọ́ńtáàtì Peugeot wọ̀nyí kò ju bíi 0.4 mm lọ. Ní ojú ọ̀nà tí kò sí irin ìwọ̀n, páálí pẹlẹbẹ kan ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí kọ́ńtáàtì tuntun bá tún dúdú kíákíá, ọ̀gá mọ̀ pé kọ́ńtáàtì kọ́ ni ó jẹ̀bi, kọ̀ńdẹ́ńsà ni.

Bí iná bá wà, ìbéèrè kẹta ni ti epo, púlọ́ọ̀gì tí a tú náà sì ti dáhùn apá kan rẹ̀. Bí ó bá gbẹ, epo kò dé. Bí ó bá tutù tí ó sì ń rùn, epo ti pọ̀ jù, kí a tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ kí a sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá a jáde. Bí epo kò bá dé, a ó tú ọ̀pá tí ó wọ kábúrétọ̀, a ó fi ìgò gbà á, a ó sì ní kí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá rere kì í gbà kí a ṣe èyí nígbà tí púlọ́ọ̀gì kan bá ṣì ń ta iná ní ìta, nítorí iná àti epo kì í pàdé kí wọ́n má jà. Bí epo bá tú jáde, inú kábúrétọ̀ ni wàhálà wà: ìdọ̀tí ti dí ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà, tàbí omi ti wà nísàlẹ̀ abọ́ epo. Bí kò bá tú jáde, kí a wo páǹpù, kí a wo táńkì.

Ojú ọjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìwádìí. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa ń dí asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Epo yóò wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú yóò máa jáde, agbára yóò sì dín kù. Nínú ooru ọ̀sán, ara ẹ́ńjìnnì ni páǹpù epo lẹ̀ mọ́. Epo lè hó nínú rẹ̀ kí ó di oru, páǹpù kò sì lè fa oru bí ó ti ń fa epo. Ọkọ̀ tí ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí èrò lè sọ̀ kalẹ̀ yóò kọ̀ láti sítáàtì. Aṣọ tí a rẹ sínú omi, tí a sì fi bo páǹpù, ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò ra páǹpù tuntun.

Bí ọkọ̀ bá sítáàtì ṣùgbọ́n tí ó ń jẹ́ẹ̀kì, ọgbọ́n mìíràn ni ó kàn. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá yóò fi ohun tí kì í gba iná kọjá yọ okùn púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, yóò dá a padà, yóò sì yọ òmíràn. Èyí tí ó bá yọ tí ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó bá yọ tí ohunkóhun kò yí padà, òun ni ó ti kú. Bí sílíńdà méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn ọ̀gá yóò lọ sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì láàárín wọn.

Olùkọ́ èdè kò ní pẹ́ dá ọgbọ́n yìí mọ̀. Bí a bá fẹ́ fi hàn pé ohùn ń ṣiṣẹ́ nínú Yorùbá, ohun kan ṣoṣo ni a máa ń yí, tí a ó fi ìyókù sílẹ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Bí ìtumọ̀ bá yí padà, ohun tí a yí ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Mẹkáníìkì tí ó ń yọ okùn lọ́kọ̀ọ̀kan ń ṣe ohun kan náà; ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ohùn ẹ́ńjìnnì ni ó ń gbọ́.

Orúkọ méjì fún ohun kan

Ìmọ̀ yìí rìn láti ẹnu dé ẹnu, ẹnu tí ó sì gbé e kì í ṣe ọ̀kan. Ní Bouaké, Baoulé ni èdè ilẹ̀, Dioula ni èdè ọjà àti ti ibùdókọ̀, Faransé sì ni èdè ìjọba. Orúkọ takisí àjùmọ̀wọ̀ ní Côte d'Ivoire, wôrô-wôrô, inú Dioula ni ó ti wá. Ẹẹ́fà ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nítorí pé márùn-ún márùn-ún ni Dioula ń ka fáráǹkì, ẹẹ́fà wọn jẹ́ 30 fáráǹkì, iye tí èrò kọ̀ọ̀kan ń san nígbà kan. Owó ọkọ̀ ti gòkè tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn Yorùbá náà wà nínú ìtàn yìí. Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gbajúmọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ayé ìjọba amúnisìn, tí bọ́ọ̀sì sì ń ná ọ̀nà láàárín Èjìgbò àti Abidjan. Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ẹni tí ó ti Èjìgbò dé Bouaké tí ó sì fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe yóò rí i pé irin kan náà ní orúkọ mìíràn. Ohun tí ó pè ní púlọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè ní bougie, èyí tí ahọ́n Yorùbá lè tètè sọ di bújì. Kọ́ńtáàtì di vis platinées. Dísítíríbútọ̀ sì di delco, orúkọ ilé-iṣẹ́ Kettering ní Dayton, tí ẹnu àwọn tí ń sọ Faransé sọ di orúkọ irin náà fúnra rẹ̀. Ìtàn amúnisìn wà nínú àpótí irinṣẹ́: ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà sí ilẹ̀ ni ó pín orúkọ púlọ́ọ̀gì sí méjì.

Nígbà mìíràn, ìyàtọ̀ náà kọjá orúkọ. Nínú ìwé àtúnṣe Peugeot, sílíńdà kìíní ni èyí tí ó súnmọ́ fúláìwíìlì, ní ìhà ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Morris Minor, sílíńdà kìíní ni èyí tí ó súnmọ́ rédíétọ̀. Ètò tí iná fi ń ta jẹ́ 1-3-4-2 nínú àwọn méjèèjì. Ká ní ọ̀gá tí ó kọ́ṣẹ́ lórí Morris ní kí ọmọ-iṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot bẹ̀rẹ̀ síso okùn láti ti kìíní, tí oníkálùkù sì ka láti ìdí tirẹ̀: iná yóò ta nígbà tí písítìnnì ń lé èéfín jáde dípò ìgbà tí ó fún àdàlù pọ̀. Epo dé, iná wà, kò sí irin tí ó bàjẹ́, ọkọ̀ kò sì ní sítáàtì. Ọ̀rọ̀ ni ó bàjẹ́. Yorùbá ní ibi tí a bá ti pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀; ṣùgbọ́n àwọn méjì tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní láti kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ibi tí orí wà.

Ohun tí ó yí padà

Ní oṣù Kìíní 1994, wọ́n dín iye fáráǹkì CFA kù. Fáráǹkì ilẹ̀ Faransé kan tí ó ń gba 50 CFA bẹ̀rẹ̀ sí gba 100. Ohun gbogbo tí ó ń ti òkè òkun wá wọ́n gógó, kọ́ńtáàtì àti páǹpù epo pẹ̀lú. Ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n ìwádìí ń níyì jù, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ibi tí àléébù wà ni kò ní ra ohun tí kò nílò.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, Bouaké sì di ibùjókòó àwọn Forces Nouvelles tí wọ́n gba ìhà àríwá. Orílẹ̀-èdè pín sí méjì títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn Ouagadougou ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta 2007. Èbúté Abidjan wà lápá kan ààlà, Bouaké àti Languibonou wà lápá kejì, ìdènà ojú ọ̀nà àti owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ sì wà láàárín. Nínú irú ìpò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí a lè fi ohun tí ó wà nílẹ̀ tún ṣe ní ànfààní lórí ọkọ̀ tí ó nílò irin láti èbúté.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mìíràn ti ń wọlé. Láàárín àwọn àlòkù tí àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè ní France au revoir, tí Yorùbá ń pè ní tòkunbọ̀, àwọn tí kò ní kábúrétọ̀ ń pọ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà ni ó ń wọn epo fún wọn, òun náà ni ó ń dá àsìkò iná. Láti 2001 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pàṣẹ pé kí ọkọ̀ bẹntiróòlù tuntun máa ṣàyẹ̀wò ara rẹ̀, kí ó sì máa tọ́jú àléébù rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ tí a fi ẹ̀rọ kà. Ní oṣù Kejìlá 2017, ìjọba Côte d'Ivoire fi òfin sọ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tí ó ju ọdún márùn-ún lọ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Èéfín yóò dín kù, ààbò yóò pọ̀ sí i. Kò sí àní-àní pé ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ-iṣẹ́ tí ó ń wọṣẹ́ báyìí lè kọ́ṣẹ́ parí láìfi ojú rí kọ́ńtáàtì.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ọgbọ́n àtijọ́ ti di aláìwúlò. Ẹ̀rọ tí ń ka àléébù lè sọ pé sílíńdà kẹta kò gbaná, ṣùgbọ́n kò lè dá sọ bóyá iná, epo tàbí ìfúnpọ̀ ni ó sọnù níbẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta tí ọ̀gá ń bi 404 ni a ó tún bi ọkọ̀ tuntun. Ẹni tí kò kọ́ bí a ṣe ń béèrè yóò padà sí pípààrọ̀ èyí, pípààrọ̀ tọ̀hún.

Iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́ èdè

Ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lára wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ṣe àkójọ èdè-ìperí tí ó fún olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ fún gírámà, fònẹ́tíìkì àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò tí à ń jiyàn nípa bóyá èdè wa lè gbé sáyẹ́ǹsì, sáyẹ́ǹsì ti wà lẹ́nu àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì. Wọ́n ń fi Yorùbá, Baoulé àti Dioula ṣàlàyé ìdí tí epo fi ń di oru, ìdí tí kọ̀ńdẹ́ńsà fi ń dá kọ́ńtáàtì sí, àti ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ àyálò inú àlàyé wọn kò sọ ọ́ di àlàyé Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Faransé. Púlọ́ọ̀gì jẹ́ orúkọ. "Bí ó bá gbẹ, epo kò dé" jẹ́ ìrònú, Yorùbá ni wọ́n sì fi rò ó. Kíkó orúkọ irin jọ nìkan kò tó. Ètò ìbéèrè, ohun tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń fi hàn, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ohùn ẹ́ńjìnnì, ni ó yẹ kí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí ó fi 404 kọ́ṣẹ́ ní àwọn ọdún 1960 ti di arúgbó. Ọ̀gá kan tí ó bá lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ yóò gbé apá kan lọ tí sípánà tí ó fi sílẹ̀ kò lè sọ. Irin ọkọ̀ tí ó dẹnukọlẹ̀ ní ọ̀nà Languibonou ṣì lè rí ẹni rà á ní àlòkù. Àlàyé ìdí tí ó fi dẹnukọlẹ̀ kò ní ọjà tí a ti lè rí i rà, bí kò ṣe ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, nígbà tí ó ṣì wà láàyè láti sọ ọ́.